Owó ìtanràn ẹni mẹ́fà

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti ń retí lẹ́tà yìí, torí ìwọ lo kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe òde orin, ká fi owó rẹ̀ gba èèyàn sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. A ti ṣe é o! Ọjọ́ 10 oṣù yìí la mú, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́dún 1948.

Ọ̀rọ̀ olórin ló fẹ́ tú wa ká. Àwọn kan ní àfi ká mú ìlúmọ̀ọ́ká kan wá láti Èkó, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èrò ò ní í wá. Mo fàáké kọ́rí. Owó tá à ń wá fún ẹni tó wà láhàámọ́, ṣé olórin la fẹ́ lọ kó o fún? Nígbẹ̀yìn, àwọn ọmọ iléèwé wa náà ló kọrin: ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń kọ wéré, àti ọmọkùnrin kan tó ń lu gángan.

Ọmọ yẹn, Àbẹ̀kẹ́! Ó fi ìlù ka abala kìn-ín-ní ìkéde náà lédè wa, ibi tó ti ní kí èèyàn máa hùwà sí ara wọn “gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá”. Ó dẹ osán sílẹ̀, ohùn ìlù lọ sílẹ̀. Ó fún un mọ́ ìhà, ohùn ròkè: re re do mi, ọmọ ìyá. Kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn èrò, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Ara mi bù máṣọ.

Lẹ́yìn náà ni lọ́yà kan tó ṣíwájú wa jáde níléèwé dìde. Ó ní abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn, bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, ó gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Nínú Ìbàdàn yìí, ibo ni kọ́ọ̀tù ò sí láàárín kìlómítà 40? Síbẹ̀, nínú èèyàn mẹ́wàá tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, bíi méje ni wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn.

Àwọn mìíràn, wọ́n ti dá tiwọn, owó ìtanràn ni ò sí. Ìyá kan tí wọ́n ń ta ògì wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n yọ ìwé kọ́ọ̀tù tí wọ́n ká sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. “Ọmọ mi, bá mi wò ó, ṣé orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀?” Orúkọ ọmọ wọn ni lóòótọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún méje ni wọ́n ti rí kó jọ. Mi ò lè dá wọn lóhùn fún ìgbà díẹ̀.

₦1,000 la ta tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a sanwó gbọ̀ngàn àti ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tán, ó ṣẹ́ ku ₦186,000. A ò kó kọ́bọ̀ lé wọ́dà kankan lọ́wọ́. Kọ́ọ̀tù ni lọ́yà san án sí, ó sì gba rìsíìtì fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́fà ló jáde lánàá. Ọmọ ìyá ológì ló jáde ṣìkẹta, ṣòkòtò ń yọ́ bọ̀ nídìí ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan dì í mú. Ìyá ẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Gèlè orí wọn ni wọ́n tú, wọ́n fi gbà á ní bẹ́líìtì.

Orúkọ mọ́kànlá ló ṣì wà lọ́wọ́ lọ́yà. Lẹ́yìn ìdánwò la fẹ́ ṣe òmíràn. Jọ̀ọ́, bá wa bá àwọn ọmọ Yorùbá iléèwé yín sọ̀rọ̀, kí o sì kọ èsì kíákíá. Mo fi ẹ̀dà ìwé orúkọ náà sínú lẹ́tà yìí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́