Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Ohun Tó Wà Lábẹ́ Koríko

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ pápá bọ́ọ̀lù ló mú mi kọ̀wé sí yín. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá bá ti tún pápá ìṣeré ṣe, ohun tí à ń kà nínú ìwé ìròyìn ni iye àga, iná tó ń sọ òru di ọ̀sán, àti gómìnà tó wá ṣí i. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí akọ̀ròyìn tó béèrè ohun tó wà lábẹ́ koríko yẹn, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí àlejò bá lọ tán.

Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù gbígbá n'Ìbàdàn níbí. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń gbá àárín, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù í pín dáadáa. Nínú eré kan lásìkò òjò, ó fi inú ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù padà sí aṣọ́lé wa, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe ní kó máa ṣe é. Bọ́ọ̀lù dé inú ọ̀gọ̀dọ̀ omi tó wà níwájú ilé góòlù, ó dúró gbọin. Kí aṣọ́lé tó fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrọ̀fọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kejì ti dé, ó ti gbá a wọlé. Láti ìgbà náà, bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọmọ yìí, òkè ló ń gbá a sí, kò tilẹ̀ ní wo ẹni tí yóò gbà á. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣe ń dàgbà láì mọ bí a ti ń pín bọ́ọ̀lù nílẹ̀, a ó wá máa bú wọn pé wọn kò lo ọpọlọ.

Omi kì í ṣàdédé dúró lórí pápá. Pápá tí wọ́n bá ṣe dáadáa máa ń ga díẹ̀ láàárín kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ri ọ̀pá tí wọ́n lu ní ihò mọ́lẹ̀, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí wọ́n tó wá da iyanrìn tí koríko yóò ta gbòǹgbò sí. Òjò á rọ̀, ilẹ̀ á mu ún, gbòǹgbò á sì rí afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún wa ńkọ́? Katakata á gbá ilẹ̀ pupa tẹ́jú, wọ́n á tẹ́ koríko lé e, ó parí. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹsẹ̀ á ti ki ilẹ̀ náà pọ̀, omi ò ní ríbi gbà mọ́, koríko á rà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ mú ni wọ́n fi ń gé koríko, lemọ́lemọ́, a kì í sì í gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á máa gún ilẹ̀ níhò kó lè mí, wọ́n á fọ́n iyanrìn sí i, wọ́n á dí gbogbo ibi tí bàtà ti hú lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Koríko sì nílò ìsinmi. Àwa la máa ń gbé ìpolongo ìbò, ìsọjí àti àríyá olórin lé e lórí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ìtàgé wá á wọ àárín pápá, ojú táyà rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan. Nígbà Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2013 ní Gúúsù Áfíríkà, pápá Mbombela ní Nelspruit bàjẹ́ débi pé iyanrìn ló ń hàn káàkiri. Ibẹ̀ ni Super Eagles ti gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Burkina Faso, tí wọ́n tún gbá 1-1 pẹ̀lú Zambia. Ibẹ̀ náà ni Alain Traoré, ọmọ Burkina Faso tó ti gbá góòlù mẹ́ta wọlé, ti ṣèṣe, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ nínú ìdíje náà. Nígbà tí àwọn ọmọ wa kúrò níbẹ̀, wọ́n na Mali 4-1 ní Durban, wọ́n sì na Burkina Faso yìí kan náà 1-0 ní Johannesburg láti gba ife. Ọgbọ́n Stephen Keshi, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, àti ẹsẹ̀ Sunday Mba tó gbá góòlù àṣekágbá yẹn wọlé ṣe iṣẹ́ ńlá, n kò jiyàn, àmọ́ n kò gbà pé ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kò lọ́wọ́ sí i.

Àwọn kan á ní ká kúkú tẹ́ koríko àtọwọ́dá, bíi ti pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Fún ilé ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, mo fara mọ́ ọn. Fún líìgì, rárá. Oòrùn wa ń mú un gbóná débi pé yóò máa jó ẹsẹ̀ nínú bàtà, ẹni tó bá sì fi orúnkún gbálẹ̀ lórí rẹ̀, awọ á bó. Kí wọ́n tó gbá Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ọdún 2015 lórí rẹ̀ ní Kánádà, níbi tí Super Falcons wa ti gbá 3-3 pẹ̀lú Sweden, Abby Wambach, agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àwọn ìlúmọ̀ọ́ká mìíràn ti pe ẹjọ́ lé e lórí. Ní Netherlands, láti sáà 2025/26, wọn kò gbà á láyè mọ́ nínú líìgì wọn tó ga jù.

A kò ṣàìní ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, wà n'Ìbàdàn, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà l'Abẹ́òkúta, àwọn tó mọ ilẹ̀ àti ewéko bí ẹni mowó ló kún ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán àwọn akọ̀ròyìn yín padà sí àwọn pápá wọ̀nyí nígbà tí òjò bá rọ̀, kí wọ́n ya fọ́tò iwájú ilé góòlù, kí wọ́n sì bi kọmíṣọ́nnà eré ìdárayá: èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú koríko lọ́dún yìí, ta sì lẹ gbà sí i?

Èmi ni tiyín,
Akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọdé, Ìbàdàn.