Ẹ má fi Windows nìkan kọ́ àwọn ọmọ wa

Olóòtú wa àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní Windows, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà (OS) tí Microsoft ń ṣe, nìkan ló yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà, pé àwọn yòókù kàn ń da orí ọmọ rú ni. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe jẹun ládùúgbò Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Windows ló sì ń mówó wá jù. Síbẹ̀, mi ò gbà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10, àfi àfikún ìgbà díẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè àwọn nǹkan kan lára ẹ̀rọ, TPM 2.0, èròjà ààbò inú ẹ̀rọ, wà lára wọn, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé wá bá mi ni kò sì kájú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́ o. Ojú wọn mọ́lẹ̀, bátìrì wọn ṣì ń gbé iná. Ká ní Windows nìkan ló wà ni, àfi ká máa lò wọ́n láìsí ààbò tàbí ká kó wọn lọ sórí àkìtàn. Linux, ètò ìdarí mìíràn, ló ń gbà wọ́n là. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nílùú Helsinki ní Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991, ọ̀fẹ́ lèèyàn sì lè rí i gbà títí dòní. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn pàápàá, bó bá jẹ́ fóònù Android ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Linux ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ewu tún wà nínú kí gbogbo èèyàn máa lo ètò kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ààbò kan tó ń jẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe tó ní àléébù ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 sì dákú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ òfurufú ò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan padà sí ìwé àti bíró. Mac ti Apple àti Linux ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n lágbára jù. Lọ́jọ́ mìíràn, tiwọn lè ṣubú kí Windows dúró. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹni tó ń lo Windows nìkan gan-an ń jèrè àwọn yòókù. Nígbà tí Microsoft ti borí Netscape tán nínú ìdíje ètò tí a fi ń wo ìntánẹ́ẹ̀tì (browser), Internet Explorer 6 tirẹ̀ jáde ní 2001, ó sì di 2006 kí ìkeje tó dé. Ọdún márùn-ún! Firefox, browser mìíràn tó yọjú ní 2004, wà lára ohun tó ta wọ́n jí. (Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe OS, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ìwà kan náà ni.)

Ẹ̀yin ọmọ Linux náà, ẹ rọra. Ẹ̀ ń bọ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀ ń fi oníbàárà tó ń lo Windows ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ pé Windows nìkan ni ètò ìṣirò owó tó ń lò níbi iṣẹ́ ń bá ṣiṣẹ́, kí ni kó ṣe?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju báyìí lọ: kí ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá fi Linux sí méjì tàbí mẹ́ta, kí àwọn ọmọ máa pààrọ̀ ìjókòó. Fláṣì kan ló gbà láti fi Linux sí i. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan,
Under G, Ògbómọ̀ṣọ́