Ẹ Kọ́kọ́ Gbé E Lọ, Ẹ Pè Mí Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ yìí ti wà nínú mi. Ojú ló ń tì mí tí n kò fi sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nǹkan bí aago méje. Fóònù mi dún, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ wa ló ń pè. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ dákun ẹ máa bọ̀, ẹnu Bàbá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Mo mú ìgò òróró, mo sáré lọ. Mo bá Bàbá lórí àga. Wọ́n ti de bọ́tìnì méjì lára ẹ̀wù tí wọ́n fẹ́ wọ̀ wá sí ìsìn, ìyókù ṣì ṣí sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì rọ wọ̀ọ̀ sórí itan. Wọ́n fẹ́ kí mi, ohun tó jáde lẹ́nu wọn kò lórí, kò nídìí. A kúnlẹ̀, a gbàdúrà. A kọrin. A tún gbàdúrà. Ìgbà tí a fi máa gbé wọn dé ilé ìwòsàn, aago kan ọ̀sán ti kọjá. Dókítà bi wá pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀. A sọ fún un. Ó wo aago ògiri, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní oògùn kan wà tí àwọn ìbá fún Bàbá, àmọ́ àsìkò rẹ̀ ti kọjá.

Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́bi nínú ìdílé náà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo lọ béèrè, mo sì kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Apá àti ẹsẹ̀ la máa ń rí tó rọ, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn, òpójẹ̀ náà ló bẹ́. Nínú irú tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń fà, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 1,900,000 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a kò bá tíì tọ́jú rẹ̀. Orin kan ṣoṣo tí a kọ lọ́jọ́ yẹn tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Oògùn tí dókítà ń sọ máa ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì, wákàtí 4 ààbọ̀ sì ni wọ́n ní láti fi fún ènìyàn láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán inú orí, torí bó bá jẹ́ pé òpójẹ̀ ló bẹ́, oògùn kan náà á dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Nítorí náà, ẹ má fún ẹni tó bá ṣe ní aspirin nílé, torí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóúnjẹ, torí ọ̀nà ọ̀fun lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ wo aago, kí ẹ sì gbé e lọ. Tó bá jẹ́ ojú oorun ló ti bá a, ìgbà tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni kí ẹ sọ fún dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó ti pẹ́ jù: àwọn kan wà tí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde fún títí di wákàtí 24.

Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n: Ẹ ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín, ẹ wò ó bí ẹnu bá wọ́. Ẹ ní kí ó gbé apá méjèèjì sókè, ẹ wò ó bí ọ̀kan bá ń wálẹ̀. Ẹ ní kí ó sọ gbólóhùn kan. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kùnà, ó ti tó láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ojú tó ṣàdédé ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ tó ṣàdédé ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ̀fọ́rí líle tí irú rẹ̀ kò ṣe ènìyàn rí, wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ. Mo rántí arábìnrin kan tó jẹ́rìí pé ọwọ́ òun kú, ó sì tún jí. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìkìlọ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́, dókítà ló yẹ kí n rán an lọ bá lọ́jọ́ náà.

Ẹ rántí àwọn mẹ́rin tó gbé ọ̀rẹ́ wọn tí ẹ̀gbà mú nínú Máàkù orí kejì. Wọ́n ṣí òrùlé. Bíbélì ní Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Kí ló rí? Èjìká tó gbé ẹni ni. Àdúrà kì í dí ọkọ̀ lọ́wọ́; ẹ pè mí lójú ọ̀nà, màá bá yín níbẹ̀.

Èyí tó ń fa rọpárọsẹ̀ jù ni ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kì í dun ènìyàn. Bó bá ti ń dé 140/90 léraléra, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ dín iyọ̀ kù, kó má kọjá gíráàmù 5 lójúmọ́. Ẹ máa rìn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù ségesège, kó má fi ìtọ́jú ṣeré. Ẹni tó ń fa sìgá, mo bẹ̀ ọ́, jáwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí pé mo gbé ọwọ́ lé e lórí kó wá pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. N kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì ní sọ ọ́. Ẹni tó ń lo oògùn tó sì fẹ́ gbààwẹ̀, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì àárín wa á máa wọn ìfúnpá lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni wọn ó kọ́kọ́ wọ̀n.

Bàbá ṣì wà láàárín wa. Àwọn tó ń kọ́ wọn ní ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ kò tíì sinmi, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń gba ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa báyìí. Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí. Ó gbà wọ́n lákòókò kí wọ́n tó sọ pé, "Pásítọ̀, ẹ sọ fún wọn." Bí wọ́n bá ń bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ẹ má bá wọn parí gbólóhùn wọn. Ẹ dúró. Wọ́n á sọ ọ́ tán.

Olùṣọ́-àgùntàn yín