DJ Tó Ń Ṣe É Lọ́fẹ̀ẹ́, Aláìríṣẹ́ṣe Kọ́ O

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan ìwé ìròyìn tí ẹ ń gbé jáde fún wa lédè wa. Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín láìpẹ́ yìí, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní àwọn tó ń lọ ṣe DJ lọ́fẹ̀ẹ́ ní rédíò àdúgbò, àìríṣẹ́ṣe ló ń dà wọ́n láàmú, ó ní ṣé iṣẹ́ tí wọn ò sanwó ẹ̀ náà niṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fèsì fún un, torí mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì tì.

Télọ̀ ni mí, Ìjọ̀kà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí ní Àkúrẹ́, télọ̀ wo ló sì ń ránṣọ láìtan rédíò? Rédíò ò wọ́n wa nílùú yìí. Orange FM tìjọba ìpínlẹ̀ ń bẹ lórí 94.5, Positive FM tìjọba àpapọ̀ ń bẹ lórí 102.5, Adaba ń bẹ lórí 88.9, àwọn mìíràn tún wà. Mi ò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn o, gbogbo wọn ni mò ń gbọ́. Àmọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá níbikíbi lórílẹ̀-èdè yìí, owó ni wọ́n fi ń ṣe é, òṣìṣẹ́ fẹ́ gbowó oṣù, jẹnẹrétọ̀ fẹ́ mu epo, ẹni tó bá lówó ló máa ra àkókò, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí alágbo jẹ̀dí bá ṣe ń dìde ni pásítọ̀ ń jókòó, pásítọ̀ ò tíì ṣe àmín tán tí olóṣèlú ti gba maìkì. Ọ̀rọ̀ transformer àdúgbò tó jó, ta ló fẹ́ sanwó kí wọ́n tó sọ ọ́?

Rédíò àdúgbò tí mò ń sọ yìí kéré gan-an. Yàrá kan ni sítúdíò ẹ̀, páálí ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ohùn má bàa máa dún padà, ọwọ́ hẹ́díìfóònù ti kán, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi dè é. DJ tó ń ṣe ètò ìrọ̀lẹ́ Sátidé níbẹ̀, iṣẹ́ wáyà ilé ló ń ṣe, inú sílìǹ ló ń wà láti Mọ́ńdè, òógùn àti eruku, kí ẹni yẹn wá máa pè é ní aláìríṣẹ́ṣe, ó dùn mí. Láptọ́ọ̀pù ara ẹ̀ ló ń gbé lọ, fláàṣì ara ẹ̀, owó ọ̀kadà látàpò ara ẹ̀. Wọn ò fún un ní kọ́bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Màmá kan pè lọ́jọ́ kan, ó ní orin kan wà tí wọ́n lù lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, òun ò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, òun ò mọ orúkọ orin, ohùn ẹ̀ nìkan lòun mọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórí fóònù, ohùn àgbà tó ti ń gbọ̀n. DJ náà ò já a lẹ́nu, ó jẹ́ kó kọ ọ́ dé ibi tó mọ, ó wá ní òun ò gbọ́ orin yẹn rí, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó pè. Kò pẹ́ tí bàbá kan pè láti Ọbá-Ilé, ó ní àwo orin yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun! Ó di Sátidé kejì kí DJ náà tó lù ú fún wa, torí ó ní láti lọ wá ẹni tí gíràmáfóònù ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ kó tó lè gbà á sílẹ̀, ó sì ń han yánmọyànmọ, gbogbo wa la jókòó tì í. Oníbàárà tó wá gba búbá ẹ̀ ò lọ mọ́. Ṣé fóònù tó ń fúnra ẹ̀ yan orin fún èèyàn lè ṣe ìyẹn? Orin tí gbogbo ayé ti ń gbọ́ náà ló máa tún gbé wá. Àwọn orin aṣíkò Comfort Omoge tó jẹ́ tàwọn Ìkálẹ̀ tiwa níbí, ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ gbẹ̀yìn?

Èdè Àkúrẹ́ ló tún fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Yorùbá tí wọ́n fi ń ka ìròyìn. Ó kéde ewúrẹ́ tó sọnù, ó kéde ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, ó sì bú àwọn tó ń da ilẹ̀ sínú gọ́tà, orúkọ òpópónà wọn ló dá. Ta ló máa fà á létí? Wọn ò sanwó fún un, kò sẹ́ni tó lè ní òun máa gé owó ẹ̀.

Kì í ṣe pé ó mọ́ tónítóní o. Ó máa ń sọ̀rọ̀ lé orin lórí, mi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ó máa ń pẹ́ dé tí iṣẹ́ bá dì í mú. Tiransimítà wọn náà ò lágbára, FM ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gun òkè, ẹ bá dé ọ̀nà Ìdànrè báyìí tí àpáta bá ti bọ́ sáàárín, ó di ṣíììì. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìdànrè kọ́ la dá a sílẹ̀ fún, ká má parọ́, kí àwọn náà dá tiwọn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn dà bí ẹni tó rò pé àṣà tuntun lèyí. Radio Ada ní Gánà ti ń sọ̀rọ̀ lédè Dangme fáwọn apẹja àtàwọn àgbẹ̀ láti 1998, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bush Radio ní Cape Town, ọdún 1993 ni wọ́n tan án láìgbàṣẹ torí ìjọba ò fún wọn láṣẹ, ìjọba wá gbé ẹ̀rọ wọn lọ, wọn ò jáwọ́ títí àṣẹ fi jáde lọ́dún 1995. Tiwa níbí ló pẹ́. Ọdún 1992 ni wọ́n ti dá àjọ NBC tó ń fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n níwèé àṣẹ sílẹ̀, ọdún 2015 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ti ọ̀pọ̀ ìlú pé kí wọ́n dá rédíò tara wọn sílẹ̀. Òfin náà sì dáa, mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo ò lè gba ìwé àṣẹ rédíò àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì ò lè gbà á, ẹgbẹ́ òṣèlú ò lè gbà á.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí gan-an ni pé ẹni tí òfin ò fún níwèé àṣẹ lè fi ẹ̀bùn gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, tí bẹntiróòlù fò láti nǹkan bíi ₦190 dé ₦500 kó tó tún máa lọ sókè, jẹnẹrétọ̀ rédíò kékeré ò rọrùn láti bọ́. Ìbò ń bọ̀. Ẹnì kan máa gbé ìnfátà wá, á kọ orúkọ ẹ̀ sí i lára gàdàgbà, a máa kí i pé ó ṣeun, tó bá yá DJ wa ò ní lè sọ̀rọ̀ gọ́tà mọ́ torí ọ̀rẹ́ ọ̀gá ni gọ́tà yẹn wà níwájú ilé ẹ̀. Nǹkan tó yẹ kí ẹni yẹn kọ lẹ́tà lé lórí rèé, kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre.

A ti ń dáwó epo ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn oníṣẹ́ irun tó wà lódìkejì náà ti dá sí i, kálukú ń mú ìwọ̀nba tó bá lágbára wá, a ò gbà kí ẹnì kan dá a ṣe. Ẹni tó bá wà ní Àkúrẹ́ tó sì ní bátìrì ìnfátà tó fẹ́ pààrọ̀, tó ṣì ń gbé iná díẹ̀ dúró, kó má tíì tà á fáwọn alájàpá irin o. Kó gbé e dé sítúdíò nírọ̀lẹ́ Sátidé, DJ náà á bá a yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ ẹ̀ ṣáà ni.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan ní Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́.