Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ nípa fèrèsé tí kò tíì ní kọ́tìnì

Èbúté, Ìkòròdú.
Ọjọ́ 18, Oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ẹ ti kó wọ ilé tuntun yín ní Winnipeg, ní Kánádà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibi tí o ti sọ pé ẹ ṣì ń kun ilé lọ́wọ́, pé kò sí aṣọ kankan lójú fèrèsé, àti pé inú ilé ìwẹ̀ nìkan ni o ti ń rí ibi pààrọ̀ aṣọ nítorí àwọn ará òdìkejì. Ohun tí ojú àwa náà rí lóṣù tó kọjá nìyẹn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ọ kí o má baà fi owó àti àkókò ṣòfò bí mo ti ṣe.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wà láti ìgbà tí ọwọ́ òsì wọn kò ti lè gbé nǹkan mọ́. Nígbà tí a kó débí, àwọn akunlé kò tíì parí. Yàrá kan lẹ́yìn èkejì ni wọ́n ń mú, wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí a má tíì kọ́ kọ́tìnì, nítorí pé wọ́n ṣì fẹ́ dí àwọn ihò ara ògiri lókè fèrèsé kí wọ́n tó fi ọ̀dà ìkẹyìn kùn ún. Dígí tó mọ́ gaara ni gbogbo fèrèsé ilé náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sì kọjú sí wa, tí àlàfo àárín wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, iná dé, mo sì ń múra alẹ́ fún Màmá lórí ibùsùn. Bí mo ti bọ́ bùbá lọ́rùn wọn tán ni mo gbọ́ ohùn ọmọdé kan láti òkè òdìkejì pé, “Ẹ káalẹ́, mà.” Ọmọ náà kò ṣe ohun tí kò dára, ó rí àgbàlagbà, ó sì kí wọn bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bo àyà wọn, wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí àìsàn yìí tó dé, àwa tí wọ́n bí gan-an kò rí wọn láìró aṣọ rí.

Aṣọ ibùsùn ni mo kọ́kọ́ fi ìṣó kàn mọ́ ojú fèrèsé lóru ọjọ́ náà. Òórùn ọ̀dà kò ríbi jáde, ooru mú wa, yàrá sì ṣú débi pé Màmá ń béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án gangan bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Mo yọ ọ́, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ara dígí. Jọ̀wọ́, má ṣe dán èyí wò lójú fèrèsé tí oòrùn ń pa. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, oòrùn ti yan gọ́ọ̀mù ara sẹ́lótéèpù náà mọ́ dígí, kẹrosíìnì ni mo sì fi nù ún kí ó tó kúrò, lẹ́yìn náà ni mo tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ẹnì kan tó ń ta dígí gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra èyí tó dúdú, pé ẹni tó wà lóde kò ní rí inú ilé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀sán nìkan ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù ni ojú kì í ti í ríran wọ ibi tó ṣókùnkùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí o sì tan iná sínú ilé, ọ̀rọ̀ náà yí padà, ìwọ ni o kò ní rí ìta mọ́, gbogbo ayé ni yóò sì máa rí ọ. Bí o bá ti bo fèrèsé rẹ tán, lálẹ́ ni kí o jáde síta lọ dúró, kí ẹnì kan sì máa rìn nínú yàrá, kí o tó gbà pé iṣẹ́ náà yọrí.

Màmá fúnra wọn ni wọ́n yanjú rẹ̀ fún wa. Wọ́n ti ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ rí nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́ ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kí aró má baà wọ ibẹ̀. Wọ́n ní ohun tó lè dí aró lọ́nà, tí omi sì tún lè fọ̀ kúrò, kò lè ba dígí jẹ́. Mo po láfún mọ́ omi tútù, mo dà á sínú omi gbígbóná, mo sì ń rò ó títí ó fi dán tó sì ki bí ògì. Wọ́n ní kí n sọ álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, bí àwọn aládìrẹ ti ń ṣe. Lẹ́yìn tí mo fọ dígí mọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹ̀kọ náà sí i, mo tẹ́ aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í kí afẹ́fẹ́ má bàa sá sábẹ́ rẹ̀, mo sì tún fi ẹ̀kọ kun orí aṣọ náà. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, nítorí náà ó gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé bí ẹni pé a sẹ́ ẹ, fèrèsé ń ṣí, ó ń pa dé, àwọn akunlé sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ohun kan péré ló kù tí mo ṣàtúnṣe: mo gbé àtùpà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí tí iná bá wà lẹ́yìn ènìyàn, òjìji rẹ̀ yóò hàn lára aṣọ náà.

Ẹfun tí mo pò mọ́ omi ni mo kùn sí ti ilé ìdáná, láti inú, kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ. Àkísà tútù ló nù ún kúrò.

Tìrẹ yóò yàtọ̀ díẹ̀. Bí òtútù bá ti mú níta tí ilé sì móoru, dígí yín yóò máa lomi, ẹ̀kọ yóò sì rọ̀, yóò bu. Náílọ̀n tó ní ròrò afẹ́fẹ́ lára, irú èyí tí wọ́n fi ń wé tẹlifíṣọ̀n, ni kí o lò: wọ́n omi sára dígí, kí o sì tẹ ojú rẹ̀ tó ní ròrò mọ́ ọn, kò nílò gọ́ọ̀mù, ó sì ń dín òtútù kù. Má fi í falẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé lóṣù Kejìlá, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ yín, alẹ́ tí ẹ ó fi tan iná sì gùn.

A kọ́ kọ́tìnì wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rin aṣọ náà, mo sì bó o kúrò láìsí àbàwọ́n. Màmá ní kí n fọ̀ ọ́, kí n ká a pamọ́. Wọ́n ti ní kí n wá ẹni tí yóò ra ẹlú tí a fi ń ṣe aró fún wọn, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣì lè di ìyẹ́ adìẹ mú. Kọ gígùn àti ìbú fèrèsé yàrá rẹ ránṣẹ́ sí wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Mọrẹ́nikẹ́