Bọ̀dá mi, kì í ṣe irú líìfù tí ẹ rò

Leeds
Ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 2026

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsinmi, ẹ̀yìn Bàámi á dára o. Mo kí Màámi, mo kí ìyàwó yín, mo kí Ìyanu. Mo mọ̀ pé èsì yìí pẹ́. Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Kérésì, tí ẹ fi bá mi wí pé n kò wá sí ìsìnkú Bàámi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ, n kò sì rí nǹkan kan sọ tí kò ní dà bí ìgbà tí mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́. Bí a bá tún sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni n óò sun, ẹ ò sì ní gbọ́ àlàyé.

Ẹ ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ ní gbogbo ẹbí ló ń bi yín pé àbíkẹ́yìn Bàbá dà. Ẹ ní èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún yín nínú oṣù Kẹwàá pé mo ti kọ̀wé béèrè leave, pé ohun tí ẹ sọ fún àwọn àbúrò Bàámi nìyẹn, pé mo ti ń gba líìfù níbi iṣẹ́, mò ń bọ̀. Bọ̀dá mi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Mo gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi apá yẹn, nítorí mo sọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí, n kò túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Líìfù tí ẹ máa ń gbà ní sẹkitéríàtì, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Leave tí mo béèrè, àṣẹ ni. Leave to enter ni àṣẹ láti wọ ilẹ̀ UK yìí, leave to remain ni àṣẹ láti máa gbé e. Ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ́ wa ní prámárì pé ó jẹ́ kí èèyàn kúrò níbì kan, òun kan náà ni òfin ibí fi ń pe àṣẹ kí èèyàn dúró. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lára ìwé mi lọ́dún 2022, àyà mi já, mo rò pé wọ́n ti ń lé mi lọ ni. Obìnrin ará Ghana kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló là mí lóye. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé kékeré kan, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú nìkan ni mò ń kọ sínú rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Àṣẹ tí mo bá wọlé, ọdún mẹ́ta ni, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá ló parí. Ìwé tí àwọn tó gbà mí síṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún mi kí n tó lè béèrè òmíràn, wọ́n fi falẹ̀ títí ó fi ku ọjọ́ méjì. Òru ọjọ́ 14 ni mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Wọ́n ní èsì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Láàárín ìgbà yẹn, àṣẹ àtijọ́ ló ṣì gbé mi dúró, nítorí abala kan wà nínú òfin ọdún 1971 tí wọ́n ń pè ní Section 3C: bí o bá ti béèrè kí tìrẹ tó tán, ti àtijọ́ ń bá a lọ títí wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n bí o bá jáde kúrò nílùú, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá ni ẹ pè mí. Mò ń bá ìyá arúgbó kan wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo ti wọ ọ̀kan, èkejì wà lọ́wọ́ mi, ẹ sì ní Bàámi ti lọ. Ìyá náà ń wò mí. Ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi, mo wọ ọ́ fún un, mo tó jáde síta lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí ìlànà ìgbélùú wọn kà bóyá n óò rí ọ̀nà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá kúrò nílẹ̀ yìí kí èsì tó dé, ìbéèrè rẹ̀ yóò di treated as withdrawn. Ẹ mọ̀ pé nílé, owó ni a máa ń wídíró, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe POS. Mo ní, kí ni mo fẹ́ wídíró? Nígbà tí ó yé mi, ara mi tutù. Ohun tó ń sọ ni pé bí mo bá fi lè gun ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó, wọn yóò kà á sí pé èmi fúnra mi ni mo ní mi ò ṣe mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ fún mi o. Èmi ni mo kọ̀. Ireland nìkan, Isle of Man àti àwọn erékùṣù Channel, ni èèyàn lè rìnrìn àjò dé tí kò ní kan án.

N óò sì sọ èyí tó burú jù. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọn kò fún ẹnikẹ́ni tó wà lẹ́yìn odi ní físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́. Àwa tí a ti wà nínú ilé nìkan ni wọ́n ṣì ń fún ní àfikún. Bí mo bá wá, n kò ní ríbi padà sí. Yàrá mi, iṣẹ́ mi, owó oògùn Màámi tí mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, gbogbo rẹ̀ ì bá parí sí ẹnu ibodè. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn? Ṣé Bàámi ì bá fẹ́ ẹ?

Ẹ ní ẹ rí páàsípọ̀ọ̀tù mi lórí tábìlì nínú fídíò, pé irọ́ ni mò ń pa pé wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá mi, n kò sọ pé wọ́n gbà á rí. Fóònù ni mo fi yà á, wọ́n sì ní kí n mú un sọ́wọ́. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Ìyẹn gan-an ló mú kí ó le, pé kò sẹ́ni tó dì mí lọ́wọ́. Mo lè dìde lóru kí n máa lọ.

Mo sì bẹ̀ yín. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí a sún ìsìnkú sí oṣù Kìíní. Ẹ ní owó mọ́ṣúárì ń ga, ẹ ní ìjọ ti fún wa lọ́jọ́. Mo gbà, n kò tún un sọ mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, inú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo dúró sí tí mo ń wò yín lórí fóònù. Mo rí yín nínú aṣọ ẹbí. Mo rí Màámi tí wọ́n dì í mú. Bí wọ́n ṣe ń sọ pósí kalẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já, nígbà tó sì padà dé, wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 18, ni wọ́n kọ̀wé sí mi pé granted, pé wọ́n ti fún mi láṣẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbàdúrà fún láti oṣù Kẹwàá nìyẹn. Mo kà á, mo sì pa fóònù dé.

Ọ̀rọ̀ owó. Ta ló sọ fún Màámi pé ìjọba ibí ń fún wa lówó oṣooṣù, pé mo lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Lára àṣẹ mi ni wọ́n kọ ọ́ sí pé no recourse to public funds. Recourse yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo ìwé atúmọ̀ èdè kí n tó mú un. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ yíjú sí owó ìjọba tí wọ́n fi ń ran aláìní lọ́wọ́, bó ti wù kí ó le tó. Owó ọwọ́ mi ni mò ń rán. ₦1,800,000 tí mo fi ránṣẹ́ fún màlúù àti kánópì, iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi rí i. Ó dé ọwọ́ yín, àbí kò dé? Ǹjẹ́ ẹ sọ fún àwọn àbúrò Bàámi pé èmi ni mo rán an? N kò bínú o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ tí mo dé Manchester lọ́dún 2022, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì bi mí pé, Who is your sponsor? Mo dá a lóhùn pé, My father, sir. Ó gbójú sókè wò mí. Nílé, ta tún ni sponsor bí kò ṣe ẹni tó náwó lé ọ lórí? Bàámi ló ta apá kan oko kajú. Òun ló sanwó físà, ó sanwó ọkọ̀ òfuurufú, ó sanwó àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí mo ṣe ní Èkó. Ilé iṣẹ́ tó gbà mí ni ọkùnrin yẹn ń béèrè, àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti gba èèyàn láti òkèèrè. Ó tún un bi mí, mo rí ojú rẹ̀, mo sáré dárúkọ wọn. Ó lu òǹtẹ̀, mo kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, èsì àkọ́kọ́ yẹn kò tíì yí padà.

Ẹ wá ní Ìyanu ti rí ìwọlé fún Masters, pé kí n kọ ohun tí wọn yóò bi í. Ìwé ẹlẹ́yìn pupa náà ni n óò ya fọ́tò rẹ̀ fún un, ojú ìwé lójú ìwé. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ genuine. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó akẹ́kọ̀ọ́ ni. Kí ó má há èsì sórí. Kí ó mọ orúkọ kọ́ọ̀sì rẹ̀, ìdí tó fi yan ilé ẹ̀kọ́ yẹn, iye owó rẹ̀ àti ẹni tó ń san án. Èkejì ni refused. Canada kò fún un ní físà lọ́dún 2024, àbí mo ṣì í? Bí fọ́ọ̀mù bá bi í bóyá orílẹ̀-èdè kan ti kọ̀ fún un rí, bẹ́ẹ̀ ni ni kí ó kọ. Ẹ̀yin ni ẹ ní kò pọn dandan. Ó pọn dandan, Bọ̀dá mi.

Ìkẹta ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin pẹ̀lú kà dáadáa: deception. Owó gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko láì dín, ìyẹn ni ẹ ṣe ń sọ pé ọ̀gbẹ́ni kan lè bá wa ṣe ìwé báǹkì tí yóò gbé owó náà yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìwé irọ́ ni wọ́n ń pè ní deception, ọdún 10 ni wọ́n sì lè fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́. Ìyanu ṣì kéré. N óò fi ohun tí mo bá ní kún un, kí á dúró de sáà ìgbàwọlé mìíràn bí kò bá tíì pé.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ni mò ń bọ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún mi, líìfù irú èyí tí ẹ mọ̀, leave kejì sì ti wà lọ́wọ́ mi, mo lè jáde kí n sì padà wọlé. Ẹ má tíì lẹ táìsì sí ojú oórì náà kí n tó dé. Mo fẹ́ kan yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti túmọ̀ leave yẹn, ẹ kà á fún Màámi, kí ẹ tún un kà. Bí ó bá ní ìbéèrè, ẹ má bá mi dá a lóhùn. Ẹ gbé fóònù fún un kí ó pè mí, bó jẹ́ òru, n óò gbé e.

Èmi ni àbúrò yín,
Fọlákẹ́