Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Abẹ́òkúta

El Paso, Texas

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́? O béèrè ohun tí èmi olùkọ́ ń wá kiri nínú aṣálẹ̀. Jókòó kí n rò fún ọ.

Nínú ènìyàn 10 nílùú yìí, ó lé ní 8 tó jẹ́ ìran Mẹ́síkò tàbí ti Látìn Amẹ́ríkà mìíràn. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakùsà ni UTEP, yunifásítì ibí, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1914. Síbẹ̀, irú àwọn ọmọ yìí ṣọ̀wọ́n nídìí ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní gbogbo Amẹ́ríkà. Dókítà tàbí lọ́yà ni òbí wọn ń fẹ́, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí UTEP fi dá ètò Pathways sílẹ̀, tí NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, sì náwó sí i, kí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lè fọwọ́ ara wọn ṣe ìwádìí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló gbé èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi dé Kilbourne Hole, ní New Mexico.

Kòtò ràgàjì ni! Òkúta yíyọ́ láti abẹ́ ilẹ̀ ló pàdé omi, ni ilẹ̀ bá bú gbàmù. Àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ti Apollo, ètò tó gbé ènìyàn dé òṣùpá, pàápàá ṣe ìdánrawò níbẹ̀. Nínú òkúta dúdú tó ti là, hóró aláwọ̀ ewé ń dán wínrinwínrin. Ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀ ló ti wá. Ọmọbìnrin kan tí kì í lanu ní kíláàsì ní, "Ta ló débẹ̀ rí tó fi mọ̀?" Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mú wa lọ kò kọ́kọ́ fèsì. Awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi lójú ló fún un, ó ní kó ka oríṣi hóró tó bá rí. Irú wọn kì í para pọ̀ báyẹn àfi níbi tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti pọ̀ gan-an, nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọ náà kò fẹ́ gbé awò yẹn sílẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ mi!

Ohun tó wù mí jù ni pé wọ́n ń mú àwa olùkọ́ pẹ̀lú dání. Olùkọ́ tí kò bá fọwọ́ kan òkúta rí, ìwé nìkan ni yóò máa kà sétí ọmọ.

Ìwọ náà, Ewékorò ò jìnnà sí yín. Bá mi wá òkúta ẹfun díẹ̀ níbẹ̀, gún un kúnná, kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Yóò hó. Má tíì sọ ohun tó fà á fún wọn o. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́